Ewé Tábà Ore, Ìkòkò Odigbo

Ẹni tó bá gba Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà Benin, tó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde àti Ògbèrè, á rí i pé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni igbó ń dí sí i lọ́tùn-ún lósì. Tí a bá ti dé J4, níbi tí igbó ọba Ọmọ wà, atẹ́gùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé kì í ṣe irú ti Èkó mọ́. Ó tutù, ọ̀rinrin sì wà nínú rẹ̀. Aṣọ tí èèyàn sá láàárọ̀ ní agbègbè yìí lè máà gbẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú nígbà òjò. Mo kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀rinrin yìí nítorí pé òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ohun tí mo gbọ́ nípa tábà ní Ore, tábà ni mo sì ń béèrè kiri.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Èkó ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ìlú Òyìnbó dé ló fún un ní ìkòkò tábà onígi kan tó ń dán, ló bá pè mí lórí fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tábà wo ni ẹni tí kò mu ún rí lè fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn àgbà tó ń fa ìkòkò, ẹ bá mi bi wọ́n.” Mo lè sọ fún un pé kó má dán an wò, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀dọ́ wa. Bí àgbà bá fi “má ṣe é” nìkan dá wọn lóhùn, ẹni tó ń tà á ni wọ́n á lọ bi, ohun tí ẹni yẹn bá sì wí ni wọ́n á gbà. Mo ti ní ìsìnkú àgbà kan tí mo fẹ́ bá wọn ṣe ní Odigbo tẹ́lẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, pé màá bi àwọn tó mọ tábà bí ẹní mowó.

Ore ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Oríta ni ìlú náà: ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé. Nítorí oríta yìí ni àwọn ọmọ ogun Biafra ṣe wá a dé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn padà. Títí di òní, bí nǹkan bá le kọjá sísọ, Yorùbá á ní, “Ó le kú, ìjà Ore!” Lónìí, àwọn ọkọ̀ akérò ńlá tó ń lọ sí Onitsha àti ìlú mìíràn ní Ìlà-Oòrùn máa ń dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ẹran ìgbẹ́ wà, pupuru tí àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ń ṣe láti ara ẹ̀gẹ́ náà wà. Bí ọkọ̀ wa ṣe dúró, ọmọkùnrin kan tí n kò rò pé ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá na àwo sìgá sí ojú fèrèsé wa. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń tà. Òfin ìdarí tábà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, inú páálí tí ẹyọ rẹ̀ kò dín ní ogún ló gbọdọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, bẹ́ẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà kò gbọdọ̀ tà á. Awakọ̀ wa ra méjì, ó tan ọ̀kan, a sì ń bá ọ̀nà lọ sínú ọgbà ọkọ̀. Kò sí ẹni tó bá a wí. Nígbà tó yá, èmi ni mo sọ̀rọ̀, ó sì pa á.

Lẹ́yìn ọjà, níbi tí ariwo ọkọ̀ kò ti pọ̀, ni mo ti rí màmá kan tó ń ta ewé tábà. Ewé gbígbẹ wà níwájú rẹ̀ ní ìdì-ìdì, káún wà nínú abọ́, agolo aṣáà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ tó fi ń lọ̀ ọ́.

“Ẹ kú ọjà o, Màmá.”

“Ọọ o, ọmọ mi. Aṣáà ni, àbí ewé?”

“Ewé ni, Màmá. Ti inú ìkòkò.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ mu ún. Mo ní rárá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sì mu ún rí. Ó bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo ní ó ti lé lógún ọdún. Ó mí kanlẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdì ewé sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ na ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀.

Ohun tó kọ́ mi níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo rò pé ó wà nínú ewé gbígbẹ lọ. Ó ní kí n má wo bí ewé ṣe tóbi, kí n béèrè ibi tó wà lára igi. Èyí tó sún mọ́ ilẹ̀ ló rọ̀ jù. Ti àárín le díẹ̀. Ti òkè ni àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń béèrè, òun náà ló sì máa ń mú kí òòyì kọ́ àlejò, kó sì bì. Òótọ́ ló sọ. Gbòǹgbò ni igi tábà ti ń ṣe níkótíìnì, ohun tó ń di èèyàn mú nínú rẹ̀, tó sì ń gbé e gòkè lọ sínú ewé. Bí àgbẹ̀ bá ti gé òdòdó orí igi náà kúrò, èyí tó yẹ kó lọ sí òdòdó á kó sí ewé òkè. Màmá yìí kò dárúkọ níkótíìnì fún mi. Iye oníbàárà tó ti rí tó ń bì ló fi mọ̀ ọ́n.

Ó ní kí n wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ewé tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n fi ooru iná gbẹ nínú ilé, máa ń dùn mọ́ imú, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ kò tíì lọ. Èyí tí wọ́n so rọ̀ sí ibi atẹ́gùn títí tó fi dúdú, ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì le. Lẹ́yìn náà ló bu èyí tó ti rẹ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n fún un pọ̀, kí n sì tú ọwọ́. Bí ó bá di mọ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀: kò ní jó dáadáa, èéfín rẹ̀ á sì máa bó èèyàn ní ahọ́n. Bí ó bá fọ́ di ìyẹ̀fun, ó ti gbẹ jù, á jó gbùúgbùú, á sì gbóná lẹ́nu. Èyí tó dára á rọra là padà láàárín ọwọ́. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Ti ọwọ́ mi dì mọ́ ara wọn, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ore rèé,” ló wí. “Bí mo bá ra èyí tó gbẹ láti Òkè-Ògùn, kó tó pẹ́ níbí, ó ti mu omi.” Ó fi ewé kan hàn mí tí funfun ti ń hù sí lẹ́yìn, ó ní òun kì í ta irú rẹ̀, àmọ́ àwọn kan wà tó ń nù ún nù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ mọ́ aṣáà.

Ìdí rèé tí n kò fi rí oko tábà kankan ní gbogbo ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Kòkó, ọ̀pẹ àti obì ni ilẹ̀ olómi yìí ń gbà. Ọ̀dàn ni tábà wù, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti le tó láti gbẹ ewé. Ìṣẹ́yìn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ aṣọ òkè náà ló jẹ́ ojúkò tábà ní ilẹ̀ Yorùbá, òun àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn tó yí i ká. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gbìn ín fún ilé iṣẹ́ sìgá, igi ni wọ́n sì ń dáná sí láti gbẹ ewé náà nínú ilé. Igi púpọ̀ ti ṣòfò sínú iná yẹn.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá pé èwo ni kí n rà fún ọmọ náà. Ó gbé ewé ìsàlẹ̀ kan, ó tún gbé e padà. “Bó bá jẹ́ pé ó ti ń mu ún ni, màá ní kó mú èyí. Ẹni tí kò tíì mu ún, kí ni mo fẹ́ tà fún un?” Aṣáà tirẹ̀ wà nínú agolo kékeré kan ní ìdí ìró rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi ìka bu díẹ̀ sí abẹ́ ètè, ó sì yí ojú sí oníbàárà mìíràn.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá lọ bá àwọn tó ń ta tábà ìkòkò ní ìlú Òyìnbó, ọ̀rọ̀ wọn á yàtọ̀. Wọ́n á tò ó sílẹ̀ fún un. Virginia ló dùn, àmọ́ ó ń gbóná lẹ́nu bí a bá ń yára fà á. Burley kò ní ṣúgà tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gba òórùn tí wọ́n bá pò mọ́ ọn. Latakia, tí wọ́n ń ṣe ní Síríà tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé Cyprus ló ti ń wá báyìí, èéfín igi ni wọ́n fi ń yan án títí tó fi dúdú. Perique wá láti àgbègbè St. James ní Louisiana ní Amẹ́ríkà: inú àgbá ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi kan nínú omi ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń nà sí ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni Cavendish olóòórùn dídùn, tí wọ́n ti fi ooru omi sè, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi nǹkan dídùn pa lára. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ onítọ̀hún á máa gbóòórùn fànílà tàbí ṣẹ́rì. Òun tó ń fà á gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ́ ọ wò lẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ ló sì sábà máa ń bó jù, nítorí omi àti adùn tí wọ́n fi sí i kì í jẹ́ kó jó dáadáa, onítọ̀hún á sì máa fà á kíkankíkan kí iná má bàa kú.

Fífi adùn bo tábà kì í ṣe ohun tuntun sí ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni tábà ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tó yá, Bahia ní Brazil ló di orísun rẹ̀. Àwọn ewé tó dára jù níbẹ̀, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Èyí tí Lisbon kò fẹ́, tó jẹ́ ìpele kẹta, ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti kó wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi oje ìrèké dúdú pa á lára, wọ́n á ká a ní roboto, wọ́n á sì gbé e wá sí Ouidah, Àjàṣẹ́, Badagry àti Èkó. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò yòókù fi ń wá a kiri, nítorí pé láìsí i, òwò wọn kò ní yá. Èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Pierre Verger, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, kọ ìtàn òwò yìí sínú ìwé ńlá kan tó jáde ní ọdún 1968. N kò lè rí fànílà lára tábà kí n má rántí oje ìrèké yẹn.

Tábà wá wọlé sí wa lára. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń rí àfọ́kù ìkòkò tábà alámọ̀ nínú ilẹ̀ àwọn ìlú àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ń fi í mọ̀ pé ilẹ̀ ibi tí wọ́n wà kò lè ju ìgbà tí tábà dé lọ. Àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ère Èṣù pẹ̀lú ìkòkò lẹ́nu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá arúgbó tó ń fa ìkòkò ní ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ohun ìyanu. Lónìí, ó ṣòroó rí.

Ọ̀nà Oǹdó ni a gbà láti Ore dé Odigbo, kò sì jìnnà. Kòkó ni wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ gba ọkọ̀ kan. Kòkó náà, Amẹ́ríkà ló ti wá, nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn ló sì dé Nàìjíríà, nígbà tí tábà ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kòkó kọ́ ilé, ó rán ọmọ lọ sí yunifásítì. N kò mọ ilé kan tí ìkòkò tábà kọ́ fún ẹni tó ń fà á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n mú mi lọ bá bàbá kan tó ti dàgbà, àgbẹ̀ kòkó ni, tó ṣì ń fa ìkòkò. Mo dọ̀bálẹ̀, bàbá ní kí n dìde kí n jókòó. Wọ́n ní ọdún tí ogun dé Ore làwọn kọ́kọ́ mu tábà. Ọ̀dọ́ làwọn nígbà náà, àwọn sójà ló ń fún àwọn ní sìgá. Nígbà tí ogun lọ, tí sìgá wọ́n, àwọn gba ìkòkò bàbá àwọn.

Mo ní kí bàbá fi bí wọ́n ṣe ń kì í hàn mí. Wọn kò kánjú rárá. Wọ́n fi ìka rẹ́ ewé náà wẹ́wẹ́, wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀nba kan já bọ́ sínú ìkòkò láìtẹ̀ ẹ́. Wọ́n bù sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wọ́n bù sí i lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gírí. Wọ́n fà á láìtan iná láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń kọjá. Wọ́n ṣá ìṣáná, wọ́n fi iná náà yí ẹnu ìkòkò po. Ewé òkè gbérí, iná kú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n tún ṣáná, ló bá mú. Láti ìgbà náà, wọ́n kàn ń fà á díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n á gbé e kúrò lẹ́nu, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á tún fà á.

“N kì í gbé èéfín rẹ̀ mì,” ni bàbá wí. “Ẹnu lásán ni. Sìgá ló ń dé àyà.”

Gbólóhùn yìí ni gbogbo ẹni tó ń fa ìkòkò gbẹ́kẹ̀ lé, láti Odigbo dé London, òun náà sì ni mo rò pé ó yẹ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ju bí a ṣe ń yan ewé lọ. Èéfín ìkòkò yàtọ̀ sí ti sìgá. Ti sìgá ní kíkan ásíìdì díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń mu ún fi ní láti gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró kí níkótíìnì tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ti ìkòkò kò kan bẹ́ẹ̀, ara inú ẹnu lásán ló sì ń gbà á wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò gbé e mì rárá ṣì lè di ẹni tí tábà mú lẹ́rú. Jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti ẹ̀dọ̀fóró ń pa àwọn tó ń fa ìkòkò. Aṣáà tí kò ní èéfín rárá náà kò yọ nínú èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé lé ní mílíọ̀nù méje.

Bí bàbá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń tú ìkòkò náà. Wọ́n fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, wọ́n kì í bọ inú ọ̀pá rẹ̀, wọ́n sì fà á jáde. Ohun tó bá a jáde dúdú, ó ń fà yọ̀ọ̀, ó sì ń rùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo yìí kan náà ni Agbabu wà, níbi tí ọ̀dà ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga wá a láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà lára ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn jọ ọ̀dà Agbabu gan-an. Bàbá nù ún mọ́ ara òkúta. Mo bi wọ́n pé èyí tó gba inú ọ̀pá kọjá sí ẹnu ńkọ́. Wọ́n wo ìkòkò náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn kan tí àwọn jọ máa ń fà á, ọ̀fun ló ṣe é, kò lè gbé oúnjẹ mì mọ́ kó tó kú. Wọ́n ní àwọn ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀, ara àwọn ń gbọ̀n, oorun kò wá, àwọn sì padà síbẹ̀.

“Sọ fún ọmọ yẹn,” ni wọ́n wí, “pé bàbá kan tó mọ̀ ọ́n yàn kò rí èyí tí yóò yàn fún un.”

Wọn kò bínú sọ ọ́. Wọ́n tún ìkòkò náà kì lójú mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro bí ọ̀rọ̀ màmá Ore àti ti bàbá Odigbo ṣe bá ara wọn mu. Gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ mi láti yan tábà, bí yóò ṣe ba èèyàn jẹ́ sí ló dá lé lórí: èyí tí kò ní mú ni bì, èyí tí kò ní bó ahọ́n. Ẹni tó bá sì rí èyí tó rọ̀ tó sì dùn ti rí èyí tí yóò jẹ́ kó pẹ́ nídìí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é tà mọ èyí dáadáa. Wọ́n ti pẹ́ nídìí òwò yìí lọ́dọ̀ wa: ọdún 1933 ni ilé iṣẹ́ sìgá àkọ́kọ́ ti British American Tobacco ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo; èyí tó wà ní Ìbàdàn báyìí, ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kéde pé ilé iṣẹ́ náà gbà láti san owó ìtanràn 110 mílíọ̀nù dọ́là lẹ́yìn ìwádìí lórí bó ṣe ń ṣòwò ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọwọ́ ṣì lè ba ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Nàìjíríà, àwọn tó ń lo tábà kò pé mẹ́fà, wọ́n sì tó mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni kò tíì bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára wọn.

Mo pè é láti Odigbo. Mo ròyìn ewé ìsàlẹ̀ àti ewé òkè fún un, mo sọ ti Latakia àti oje ìrèké Bahia, mo sọ ohun tó wà lára ẹyọ ìgbálẹ̀. Mo jíṣẹ́ bàbá fún un bí wọ́n ṣe rán mi. Ó dúpẹ́, ó ní òun á fi ìkòkò náà sórí tábìlì, òun kò ní ra tábà sí i. Mo gbà á gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ sì ti ń fa ìkòkò tàbí mu sìgá, ẹ lọ bá dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀; wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ràn yín lọ́wọ́ kí ara má bàa gbọ̀n jù. Ẹ̀yin awakọ̀ àti èrò tó ń gba Ore kọjá, ẹ má ra sìgá lọ́wọ́ ọmọdé. Bí ẹ bá sì wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ yín lọ ra tábà, ẹ má sì ní kó bá yín tan án.